Ọ̀gá Àgbà Pátápátá àti Ìpolówó Mọ́kànlá

Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí etí ẹ̀, tó sì fi ìwé àṣẹ tí òun tìkára rẹ̀ buwọ́ lù ti ara rẹ̀ sínú ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wà, alájà mẹ́ta. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga débi pé ẹni tó bá gùn ún dókè á kọ́kọ́ jókòó kó tó rántí ohun tó bá wá. Kí ọkùnrin tí mò ń wí yìí tó dé, ọ̀gá àgbà ni wọ́n ń pe ẹni tó bá wà lórí àga ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní tó dé ló ní oyè náà kéré, ó ní kò bo òun léjìká. Ó ní kí wọ́n fi "pátápátá" kún un. Ló bá di Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. Bí o bá gbàgbé pátápátá lẹ́nu ọ̀nà, o ò ní wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo, àwọn olórí ẹ̀ka máa ń tò síwájú rẹ̀, oníkálukú a sì sọ ohun tí ọgbọ́n ọ̀gá ti ṣe fún ẹ̀ka tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá tún ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ, ìwé ẹ̀sùn ni yóò fi jẹun ọ̀sán. Olórí ẹ̀ka iná ní láti ìgbà tí ọ̀gá ti dé, gílóòbù tí àwọn ń lò ti dín kù, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀gá ti tó gbogbo ilé. Olórí ẹ̀ka mọ́tò ní táyà àwọn kì í jò mọ́, ó ní ọ̀wọ̀ ni táyà ń bù fún ọ̀gá. Ọ̀gá á mi orí, á ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé yìí, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ mìíràn ti jáde lẹ́nu ẹ̀ gbẹ̀yìn láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ni ọgbọ́n náà wá kún àkúnya.

Ìwé àṣẹ kìíní jáde: nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde kúrò lórí pápá, kí wọ́n polówó ọjà. Ìyẹn ò burú jù. Ìwé àṣẹ kejì ní bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí wọ́n polówó. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò kúkú mọ iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n ṣubú lọ. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin, ẹyẹ wá ń yí lu ẹyẹ. Ìwé àṣẹ kẹta dé: "Nígbàkigbà tí aṣọ́lé bá di bọ́ọ̀lù mú, eré ti dúró nìyẹn. Ẹ polówó."

Nípàdé ọjọ́ Ajé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé. Ó dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀ lórí ikùn.

"Kí ni à ń pè é?" ló bi wọ́n. "Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀! Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo wí! Bọ́ọ̀lù tó bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, ṣé ẹsẹ̀ ló wà?"

"Ọwọ́ ni, sà!"

"Ṣé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wá ni?"

"Rárá, sà!"

"Láti ayébáyé, ta ló ti rí èyí kí n tó rí i?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí olórí ẹ̀ka mọ́tò fi ń sunkún. Ẹ má bi mí bóyá ẹkún òótọ́ ni.

Gbogbo ìpolówó wọ̀nyí ló sì ní ìṣáájú. Ojú ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ kún tẹlifíṣọ̀n láti etí dé etí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní: "Èmi Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ni mo ń kí yín. Ẹ má dìde. Ọjà ń bọ̀." Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Ojú-Rèé lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń mójú tó ẹ̀rọ ohùn tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ. Lọ́jọ́ kan ló fi ohùn ọ̀gá pe yàrá ìdarí lórí fóònù pé kí wọ́n gé ìpolówó kan kúrò ní àárín, wọ́n sì gé e. Ọ̀gá gbọ́. Inú bí i. Ìyẹn ló bí ìwé àṣẹ kẹrin: ìpolówó tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa gé e. Àṣẹ ẹnu kò gbà, àṣẹ fóònù kò gbà, nítorí àwọn aláìmoore kan ń sín ohùn ọ̀gá jẹ. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ló sọ ọ́, kí wọ́n dití sí i. Ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí, tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́, òun nìkan ló lè gé ìpolówó.

Ẹ rọra gbé ìyẹn sọ́kàn.

Lórí pápá, eré ń lọ. Nílé, ọṣẹ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á gbọ́ "Góòlù!" láti inú rédíò aládùúgbò, wọ́n á sì máa wo obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí abọ́ tó fọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, oníbàárà kan bú ìyá tẹlifíṣọ̀n. Onígbàjámọ̀ ní kó rọra, tẹlifíṣọ̀n ò níyàá, ọ̀gá ló ní.

Ẹni tí ìka rẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnnì. Òun ló ń jókòó sí yàrá ìdarí, tó ń tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń gbé àwòrán kúrò lórí pápá bọ́ sórí ìpolówó. Ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kì í ṣe aláriwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìwé àṣẹ kẹta ti jáde, oorun ò kùn ún mọ́, nítorí àbúrò rẹ̀ ló ń ṣọ́lé fún ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú ìdíje náà.

Àtè ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin yìí, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá kàn án lọ́wọ́ ti lẹ̀ nìyẹn, bí ẹyẹ lórí àtè. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àfi bàbá tó bí i. Bíríkìlà ni bàbá wọn nígbà tó lágbára. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ tán. Dókítà ní èkejì náà ń ṣú, àtipé ọdún yìí kò ní parí bá a. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí pápá, òkùnkùn tó ń sáré ni yóò rí. Nílé nìkan ló ti lè rí nǹkan, bó bá fa àga súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ Ọlọ́run fún: kí òun rí ọmọ òun kó di bọ́ọ̀lù mú lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò sì rí i. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lọ́wọ́, Ojú-Rèé dé.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni bàbá bi Ìyá Bọ́tìnnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ṣé ó dá ọ lójú pé àbúrò rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Torí èmi ò rí i o. Mo rí i tó dúró. Mo rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọkùnrin kan ní òun ń kí mi, kí n má dìde. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ dìde?"

Aránṣọ tó ń gbé lójúlé kejì wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ọmọ yín yìí, bọ́ọ̀lù ló ń mú ni àbí ọṣẹ ló ń tà?"

Bàbá bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́tìnnì mọ ẹ̀rín bàbá rẹ̀, ó mọ èyí tó dùn ún nínú ẹ̀. Kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún un pé ìka òun ni. Bàbá mọ̀ pé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe. Ó rò pé ìwé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Àtè wọ àṣekágbá, Ìyá Bọ́tìnnì gbéra, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá. Àwòrán ọ̀gá mẹ́rin ló wà lára ògiri, ọ̀gá karùn-ún jókòó sídìí tábìlì. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀: ojú bàbá, dókítà, àbúrò. Ó ní òun ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí òfin padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí wọ́n jẹ́ kí àwòrán dúró nígbà tí àbúrò òun bá mú bọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá wò ó títí.

"Obìnrin yìí, bí mo bá gbà fún bàbá tìrẹ, bàbá ta ni mi ò ní gbà fún? Orílẹ̀-èdè yìí kún fún bàbá. Mo tún fẹ́ bi ọ́. Bàbá rẹ yìí, ṣé ó ti rí ojú mi?"

"Ó ti rí i, sà. Ọ̀pọ̀ ìgbà."

"Kí ló wá tún fẹ́ fi èyí tó kù ṣe? Ojú tó bá ti rí ojú mi, ó ti rí ìran wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

Ìyá Bọ́tìnnì dìde. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó gbàgbé "pátápátá" nígbà tó ń kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyẹn náà.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Olórí Ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò fa ife-ẹ̀yẹ lé ẹni tó bá borí lọ́wọ́. Ìròyìn sì ti ń jà ràn-ìn pé ibẹ̀ náà ni yóò ti kéde Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ní mínísítà. Ọ̀gá ti mọ̀. Ó ti rán kóòtù tuntun, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá. Láti aago méjì ọ̀sán ló ti jókòó sí orí pèpéle ní pápá pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀.

Wọ́n gbá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá rí ogún nínú ẹ̀ nílé, kó dúpẹ́. Ọ̀mì ni. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e, ọ̀mì náà ni. Ó wá di pẹ́nárítì, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ọ̀gá, kí wọ́n tó gbá pẹ́nárítì kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù dúró sójú kan, nítorí náà eré ti dúró. Ìpolówó gbọ́dọ̀ wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Kó tó tán, wọ́n á ti gbá a tán.

Ìyá Bọ́tìnnì gbé ìka lé bọ́tìnnì pupa. Ó wo àwòrán iwájú rẹ̀. Àtè dúró láàárín òpó méjì, ó ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ìyá Bọ́tìnnì ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó rántí ojú kan ṣoṣo tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé. Ó gbé ìka kúrò.

"Ìyá Bọ́tìnnì, ẹ tẹ̀ ẹ́!" ni ọkùnrin ẹ̀rọ ohùn ké.

"Mi ò tẹ̀."

"Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wà níbòmíràn. Ojú bàbá mi ò sí níbòmíràn."

Kò tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ nígbà kejì. Ẹgbẹ́ Àtè gbá márùn-ún, márààrún wọlé. Àwọn kejì gbá mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé lẹ́yìn Àtè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbá orí ara rẹ̀. Ó ń rò ó pé, àbí ìyà yìí ni bàbá yóò fi ojú tó kù wò?

Ìkarùn-ún dé. Ọkùnrin kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló gbá a, ó gbá a lágbára, sí apá òsì. Àtè fò. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ gbá a dànù o. Ó dì í mú! Ó ṣubú tòun ti bọ́ọ̀lù, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbòkè-gbodò gbogbo àdúgbò ṣe dúró, tí ariwo sì sọ láti ojúlé dé ojúlé, nítorí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin, àwọn ènìyàn rí ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni méjì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá dì mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gé irun ọ̀kan nínú wọn dé ìdajì.

Fóònù yàrá ìdarí dún.

"Ta ló gbé ojú mi pamọ́?" Ọ̀gá ni, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn fún un ní pápá. "Ìpolówó mọ́kànlá! Mẹ́wàá fún pẹ́nárítì, ọ̀kan fún ìgbà tó dì í mú! Ìgbà mọ́kànlá ló yẹ kí orílẹ̀-èdè yìí rí mi, wọn ò rí mi lẹ́ẹ̀kan!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Má jọ̀ọ́ mi! Òní ni iṣẹ́ rẹ parí. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, gbé wọn jáde nísinsìnyí. Má fo ọ̀kan, má gé ọ̀kan. Òfin ni òfin!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú ti bí ọ̀gá ju kó wo iwájú lọ. Ká ní ó wo iwájú ni, ì bá rí i pé Olórí Ìjọba ti dìde, wọ́n ti ń gbé ife-ẹ̀yẹ bọ̀.

Ìyá Bọ́tìnnì rí i. Ó wò ó dáadáa lórí ẹ̀rọ iwájú rẹ̀. Ó tún òfin náà rò láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ìka rẹ̀ sára aṣọ, tó sì tẹ bọ́tìnnì pupa.

Lórí pápá, Olórí Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti yin àwọn ọmọ, ó ti yin ara rẹ̀, ó wá yíjú sí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. "Ọkùnrin kan wà láàárín wa," ló wí, "tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń rí..." Fóònù àpò rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé pé bí ènìyàn ti wù kó tóbi tó, ẹnìkan ṣì wà tó mọ ọjọ́ tó ń tọ̀ sórí ẹní. Ó gbé e. Máìkì wà lẹ́nu ẹ̀, kò sì rántí gbé e kúrò. Gbogbo pápá ló gbọ́.

"Ọmọ mi, o ní kí n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ti jókòó. Ọkùnrin kan ní kí n má dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oògùn eku jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa eku. Ìwọ dà?"

"Màmá, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ báyìí."

"Rárá o. Eku ni."

"Màmá, mò ń fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ."

"Ó ti tún dé! Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn. Ó tún ní kí n má dìde. Ta ni í ṣe, kí ni mo fi ṣe é?"

Ẹgbàágbèje ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Olórí Ìjọba rọra yíjú, ó wo Ọ̀gá Àgbà Pátápátá láti orí dé bàtà. Ọ̀gá ti ń laagùn, ó ti di fóònù mú.

"Gé e! Gé e kíákíá! Olórí Ìjọba ń sọ̀rọ̀!"

"Ẹ má bínú, sà," ni Ìyá Bọ́tìnnì dáhùn. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń sín ohùn yín jẹ."

"Èmi ni! Èmi tìkára mi!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin, ká dití. Ìwé la nílò, sà."

Ọ̀gá ya ojú ewé kẹrìnlá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀, ó kọ àṣẹ sẹ́yìn ẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí akọ̀wé gbé e sáré lọ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo ojú Olórí Ìjọba, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó ní orúnkún ń dun òun. Ọ̀gá bá sáré fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti kún títì tí wọ́n ń jó nítorí Àtè, mọ́tò ò lè kọjá, ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn ọmọdé tó mọ ojú rẹ̀ láti tẹlifíṣọ̀n ń sá tẹ̀lé e, wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé "Ẹ má dìde! Ọjà ń bọ̀!" Bọ́tìnnì kóòtù tuntun já méjì. Ó gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta, ó wọ yàrá ìdarí, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn na ìwé.

Ìyá Bọ́tìnnì gbà á. Ó kà á. Ó wo ibi tó fọwọ́ sí.

"Ó pé, sà," ló wí, ó sì gé ìpolówó.

Ìkọkànlá ni, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó parí. Àwòrán padà sí pápá. Ọkùnrin kan ló ń ká kápẹ́ẹ̀tì orí pèpéle. Obìnrin kan ń gbálẹ̀.

Kí ọ̀gá tó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, rédíò ti ka orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú àwọn mínísítà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn olórí ẹ̀ka tò síwájú ọ̀gá tuntun. Olórí ẹ̀ka mọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí ti àná ti lọ, táyà àwọn kì í jò mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àṣekágbá yẹn, Ìyá Bọ́tìnnì kó báàgì rẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀rọ ohùn bi í pé níbo ló ń lọ.

"O gbọ́ tó lé mi."

"Lórí fóònù? Ìwé dà?"

Kò sí ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Ó bá bàbá nílé, lórí àga rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Aránṣọ jókòó sílẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì kúnlẹ̀ ti àga. Ó ti pinnu pé òun máa sọ ọ́ lónìí.

"Bàbá, èmi ni mo ń tẹ bọ́tìnnì ìpolówó yẹn. Láti ọjọ́ yìí wá. Ìka mi ni."

Bàbá wá ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ó fi ọwọ́ bíríkìlà rẹ̀ tó le koko pa ìka náà lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo rí i," ló wí. "Ó dì í mú. Ó gbá a mọ́ àyà. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn ìpolówó tó wá jáde lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní mọ́kànlá yẹn ti lé ọ̀gá wa lọ."

"Ìpolówó wo?" ni bàbá bi í. "Omi ti kún mi lójú. Mi ò rí nǹkan kan mọ́."